Báàgì ẹ̀yìn fún kẹ̀kẹ́ orí òkè: ṣé èyí tó ní ààbò ẹ̀yìn ni kí ẹ rà, àbí èyí tí kò ní?

Tí wọ́n bá gbé báàgì méjèèjì kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú lásán ò lè tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Méjèèjì ló ní okùn èjìká, bẹ́líìtì ìbàdí, àyè fún ọ̀rá omi (èyí tó ní rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi mu lórí kẹ̀kẹ́), àti àpò kéékèèké fún súpánà àti páǹpù. Ẹ̀gbẹ́ tó kan ẹ̀yìn ẹni ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀kan ò ní ju nẹ́ẹ̀tì àti fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ níbẹ̀. Èkejì gbé pátákó ààbò kan sínú, tó gùn láti àárín èjìká dé nǹkan bí ìbàdí, tí wọ́n ṣe kó lè gba ìkọlù dípò ọ̀pá ẹ̀yìn yín bí kẹ̀kẹ́ bá dà yín sórí àpáta tàbí gbòǹgbò igi. Pátákó yìí náà ló ń jẹ́ kó wọ́n ju èkejì lọ, kó wúwo jù ú lọ, kó sì máa mú ooru.

Ẹ̀rù ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ra èyí tó ní ààbò, owó ló sì ń lé àwọn míì sá fún un. Lójú tèmi, kò yẹ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Irú ilẹ̀ tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wò ó bóyá báàgì náà á dúró gbọin-in lára yín, torí ààbò tó bá ń rìn kiri lẹ́yìn èèyàn, ẹrù lásán ni.

Ohun tí ààbò náà lè ṣe, àti èyí tí kò lè ṣe

Ìlànà tí wọ́n fi ń dán ààbò ẹ̀yìn wò nílẹ̀ Yúróòpù ni EN 1621-2. Àwọn tó ń gun alùpùpù ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó ń ṣe báàgì kẹ̀kẹ́ kàn yá a lò ni. Wọ́n á tẹ́ ààbò náà sórí irin, wọ́n á wá jẹ́ kí irin mìíràn tó wúwo tó kílò márùn-ún já lù ú, kí agbára ìkọlù náà lè jẹ́ 50 joule. Ẹ kàn ro nǹkan kílò márùn-ún tó já láti ibi tó ga tó mítà kan. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni agbára tó ré ààbò kọjá, tó dé abẹ́ rẹ̀. Kilonewton, kN ní kúkúrú, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ìpíndọ́gba rẹ̀ ò bá ju 18 kN lọ, tí kò sì sí ìkọlù kan ṣoṣo tó ju 24 kN, ààbò náà wọ ìpele kìíní. Tí ìpíndọ́gba ò bá ju 9 kN, tí èyí tó le jù ò sì ju 12 kN, ìpele kejì nìyẹn. Ìdajì ohun tí ìpele kìíní gbà láyè kó dé ẹ̀yìn yín ni ìpele kejì gbà láyè, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ohun tó ń bọ̀ wá lu ẹ̀yìn tààrà ni ìdánwò yẹn ń wò: òkúta, kùkùté, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń ṣèṣe nìkan nìyẹn. Ẹni tó fò ré ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, tó fi àtàrí tàbí èjìká balẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ló máa tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra, tàbí kó ká a kò, tàbí kó lọ́ ọ. Pátákó inú báàgì ò lè dá ìyẹn dúró. Kò bo ọrùn, kò bo ẹ̀gbẹ́ ìhà, ọ̀pọ̀ wọn ò sì dé eegun ìdí. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ẹ̀yìn ẹni tó bá gbé e kò lè ṣẹ́ láéláé, ọjà ló ń tà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kí igun òkúta má wọ ẹran ara yín, kí ìkọlù tó yẹ kó dá sójú kan ṣoṣo sì tàn káàkiri ẹ̀yìn. Lórí ilẹ̀ olókùúta, ìyẹn nìkan lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí ẹ dìde gbọn eruku nù àti kí wọ́n máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ fa pátákó náà yọ. Ọ̀pọ̀ báàgì ló ní síìpù tàbí ẹnu kan tí wọ́n ń gbà yọ ọ́. Ẹ wá àmì CE lára rẹ̀, ìyẹn àmì pé ọjà bá òfin Yúróòpù mu, ẹ wá EN 1621-2, ẹ wá nọ́ńbà ìpele, 1 tàbí 2, kí ẹ sì wo lẹ́tà méjì tó ń sọ apá tó bò. FB ni gbogbo ẹ̀yìn, CB ni àárín ẹ̀yìn, LB ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nìkan. Bí T+ bá wà níbẹ̀, wọ́n ti dán an wò nínú ooru tó tó 40°C. T− túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò nínú otútù −10°C. Tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà òjò dídì, ẹ má fojú fo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan níbí. Nínú báàgì tí kò ní ààbò rárá, ẹ ṣì lè bá ike pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn, tí wọ́n fi síbẹ̀ kí báàgì má bàa wó lulẹ̀ bí ẹrù bá wọnú rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń fi ọwọ́ kan ike yẹn gbọ̀ngbọ̀n, wọ́n á ní "ààbò wà nínú rẹ̀ o". Tí kò bá ní àmì, ike ni.

Oríṣi méjì ni ààbò gidi máa ń jẹ́. Àkọ́kọ́ ni fóòmù rírọ̀, irú èyí tí ilé iṣẹ́ D3O àti SAS-TEC ń ṣe. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á rì wọlé, á sì máa padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, á le gbagidi mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Torí pé ó rọ̀, ó máa ń tẹ̀ lé bí ẹ̀yìn bá ṣe tẹ̀, ó sì máa ń gba ìkọlù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, otútù sì máa ń mú kó gan títí ooru ara yín á fi mú un rọ̀. Oríṣi kejì ni fóòmù líle, nígbà míì pẹ̀lú ike lókè rẹ̀. Ó fúyẹ́, wọ́n sì lè lu ihò sí i fún afẹ́fẹ́, àmọ́ ó máa ń le gan-gan lẹ́yìn èèyàn, àwọn kan nínú wọn ò sì wà fún ju ìkọlù ńlá kan ṣoṣo lọ. Ìwé tó bá ọjà náà wá á sọ èyí tó jẹ́. Ẹ kà á, ẹ má sọ ọ́ nù mọ́ páálí.

Ohun tí èyí tí kò ní ààbò fi jù ú lọ

Omi ló bí báàgì kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìṣubú. Ní 1989, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì kan tó ń jẹ́ Michael Eidson fẹ́ kópa nínú ìgunkẹ̀kẹ́ ọgọ́rùn-ún máìlì kan nínú ooru Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó rọ omi sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, ó ki í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fa rọ́bà rẹ̀ gba èjìká wá sí ẹnu. Ibẹ̀ ni CamelBak ti bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, ohun tí báàgì tí kò ní ààbò mọ̀ ọ́n ṣe jù ni pé kó gbé omi àti ẹrù díẹ̀ láì ni èèyàn lára.

Afẹ́fẹ́ sì ni ẹ̀bùn rẹ̀ tó tóbi jù. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Deuter àti Osprey ní báàgì tí wọ́n na nẹ́ẹ̀tì lé férémù tó tẹ̀, tó fi jẹ́ pé báàgì ò kan ẹ̀yìn rárá, afẹ́fẹ́ á sì máa gba àárín kọjá. Báàgì aláàbò ò lè gba irú èyí mọ́ra, nítorí ààbò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kó tó lè ṣiṣẹ́. Ihò àti ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbẹ́ sí i ń ran èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìgòkè bá ti gùn tó wákàtí kan, ẹ̀yìn yín á tutù rinrin fún òógùn. Kí n má parọ́, báàgì onínẹ́ẹ̀tì náà ní ìyà tirẹ̀: torí pé ẹrù jìnnà sí ara, ó máa ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún tí ẹ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tó kọ́lọ́kọ̀lọ. Ẹni tó fẹ́ràn ìgòkè á fara dà á. Ẹni tó jẹ́ pé torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ṣe ń gòkè, inú á máa bí i.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyìí:

| | Èyí tó ní ààbò | Èyí tí kò ní ààbò |
|---|---|---|
| Ìwúwo lófìfo | Ó sábà máa ń tó kílò kan tàbí kó lé | Ọ̀pọ̀ ò tó kílò kan |
| Ooru | Ó ń bo ẹ̀yìn pa | Afẹ́fẹ́ ń ráyè, pàápàá èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì |
| Ìwọ̀n | Ó gbọ́dọ̀ bá gígùn ẹ̀yìn mu | Ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láìsí ewu |
| Nǹkan líle nínú báàgì | Pátákó wà láàárín òun àti ẹ̀yìn | Ẹ̀yin fúnra yín ni kó to ẹrù dáadáa |
| Ìfọ̀ | Ẹ yọ pátákó kí ẹ tó fọ̀ ọ́ | Ẹ fọ̀ ọ́ bó ṣe wà |

Ní ti ìwúwo, ẹ má jẹ́ kí giráàmù mélòó kan kó yín láyà sókè. Lítà omi kan, kílò kan. Ẹni tó rọ lítà mẹ́ta sínú ọ̀rá nígbà tí lítà kan àti ààbọ̀ á tó o, ẹrù tó fi lé ara rẹ̀ ju ìwúwo pátákó ààbò lọ. Àwọn kan tún máa ń sọ pé omi inú ọ̀rá náà ń dáàbò bo ẹ̀yìn. Ó lè dẹ ìṣubú lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó fún omi ní nọ́ńbà ìpele, tí ẹ bá sì ti mu ún tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ló kù lẹ́yìn yín?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ sí jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Báàgì aláàbò máa ń wà ní sáìsì, bíi S, M/L àti XL, gígùn ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi ń yan sáìsì yẹn. Gígùn ara yín ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lè ní ẹ̀yìn kúkúrú. Ẹ tẹ orí ba, kí ẹ fi ìka wá eegun tó yọ gọngọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn. Kí ẹlòmíràn bá yín mú téèpù láti ibẹ̀, kó tẹ̀ lé ọ̀pá ẹ̀yìn títí dé ibi tó bá òkè eegun ìbàdí dọ́gba. Ẹ mú iye yẹn lọ bá tábìlì sáìsì ilé iṣẹ́ tó ṣe báàgì náà, torí sáìsì M ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ L níbòmíràn.

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ má wọ̀ ọ́ lófìfo. Ẹ ki omi sínú rẹ̀, ẹ fi ẹrù tí ẹ máa ń gbé sí i. Bẹ́líìtì ìbàdí ni kí ẹ kọ́kọ́ dè, lórí eegun ìbàdí gan-an, kì í ṣe lórí ikùn. Lẹ́yìn náà ni okùn èjìká, kí okùn àyà wá gbẹ̀yìn. Ẹ wá tẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ gbọn ara yín sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bí báàgì bá gùn wá sórí ọrùn, tàbí tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò bá yín mu. Báàgì tó lè sún nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìdúró, á ti kúrò lórí ọ̀pá ẹ̀yìn pátápátá kí ilẹ̀ tó bá yín. Ẹni tó bá ní irú báàgì bẹ́ẹ̀ san owó ààbò, kò rí ààbò gbà.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì sì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ dé e, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ wá gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Tí orí báàgì bá ń ti ẹ̀yìn hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní lè gbé orí tó bó ṣe yẹ láti rí ọ̀nà. Báàgì aláàbò ló máa ń ṣe èyí jù, nítorí pátákó náà kì í ká. Bí ó bá kàn yín lórí, ẹ wá sáìsì tó kéré sí i tàbí ilé iṣẹ́ mìíràn; kò sí bí ẹ ṣe lè fa okùn tí ìyẹn fi máa yanjú.

Ohun tó wà nínú báàgì

Páǹpù, súpánà, ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́: irin ni gbogbo wọn. Nínú báàgì tí kò ní ààbò, tí ẹ bá to páǹpù sí òró, tó bá ọ̀pá ẹ̀yìn rìn, ẹ ti gbé irin sí ibi tí ìṣubú á ti kàn án mọ́ yín lára. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá omi àti jákẹ́ẹ̀tì òjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, kí irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde tàbí nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó sàn jù ni kí ẹ so páǹpù àti súpánà mọ́ férémù kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, kí báàgì gbọ́ ti omi àti ẹ̀wù. Báàgì aláàbò ń dín ìṣòro yìí kù, torí pátákó ló máa kọ́kọ́ pàdé irin náà.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tí wọ́n ń gbé bátìrì kejì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Bátìrì kan lè wúwo tó kílò mẹ́ta, ó sì le. Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú báàgì tí kò ní ààbò láàárín òun àti ẹ̀yìn. Kí báàgì náà sì ní àyè tí wọ́n ṣe fún bátìrì, pẹ̀lú okùn tó dì í mú.

Ọ̀nà kẹta

Kò pọn dandan kí ààbò wà nínú báàgì. Ẹ̀wù ààbò aláìlápá wà, tí èèyàn ń wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù ìgunkẹ̀kẹ́, tó ní irú fóòmù kan náà àti àmì EN 1621-2 kan náà. Ó lẹ̀ mọ́ ara, kì í rìn, kì í sì í ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè wá de báàgì ìbàdí kékeré mọ́ ọn fún omi díẹ̀ àti tíúbù. Fún ẹni tó máa ń lọ sí ọgbà kẹ̀kẹ́ níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé èèyàn gun òkè, tó kàn ń sọ̀ kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, èyí ni mo fara mọ́ ju báàgì èyíkéyìí lọ. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ náà, ó ní láti bọ́ báàgì. Ibi tí a sì ti ń bọ́ nǹkan ni a ti ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀wù ò ní wàhálà yẹn.

Àléébù ẹ̀wù náà ò fara sin: ooru rẹ̀ ju ti báàgì lọ, ẹ ò sì lè bọ́ ọ nígbà ìgòkè kí ẹ tún wọ̀ ọ́ lókè láìbọ́ra. Báàgì ni ẹ lè tú bẹ́líìtì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn mí díẹ̀, kí ẹ tún dè é pinpin kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Èwo ni tiyín?

Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ erùpẹ̀ títẹ́jú, ọ̀nà oko, tàbí ìgòkè gígùn pẹ̀lú ìsọ̀kalẹ̀ tí kò le, ẹ ra èyí tí kò ní ààbò, kí ẹ fi owó tó ṣẹ́ kù ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó dáa ju èyí tí ẹ ní lọ. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi lè ní kí irú yín ra aláàbò ni bí ẹ bá ń gbé nǹkan líle.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ àpáta àti gbòǹgbò, tí ẹ ń fò, tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré, tí ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ ara yín gun òkè padà pẹ̀lú omi àti oúnjẹ ọjọ́ kan lẹ́yìn, báàgì aláàbò ni, kí ó jẹ́ ìpele kejì bí ẹ bá rí i ní sáìsì yín. Bí ẹ bá ní láti yan láàárín ìpele kejì tó ń sún lẹ́yìn yín àti ìpele kìíní tó dúró gbọin-in, ẹ mú ìpele kìíní. Ẹni tó fẹ́ wọ ìdíje, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kó tó náwó: àwọn kan ń béèrè fún ààbò ẹ̀yìn, òfin wọn lórí ohun tí wọ́n gbà sì yàtọ̀ síra.

Àwọn tó wà láàárín ló pọ̀ jù, àwọn tó ń gun ọ̀nà tó rọrùn lónìí, tí wọ́n á sì wà lórí àpáta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni báàgì tí a lè yọ pátákó rẹ̀ yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò láìsí pátákó kí ẹ tó rà á, torí àwọn báàgì kan máa ń rọ jọwọlọ tí ẹ bá ti yọ ọ́, omi á sì máa gún yín lẹ́yìn bí bọ́ọ̀lù. Kí ẹ sì mọ ara yín: bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó ń yọ nǹkan tí kì í rántí dá a padà, ẹ fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ títí lọ.

Ọ̀rọ̀ àlòkù ló kù. Báàgì tí kò ní ààbò, ẹ lè ra àlòkù rẹ̀ láìsí ìfòyà. Ẹ wo síìpù, ẹ wo ibi tí okùn ti lẹ̀ mọ́ ara báàgì, ẹ ra ọ̀rá omi tuntun sí i. Ti aláàbò gba sùúrù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ṣubú rí, ẹ fa pátákó yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ojú méjèèjì. Bó bá ti sán, bó bá ní ibi tó rì tí kò padà, tàbí tí fóòmù rẹ̀ ń rún sí yín lọ́wọ́, ẹ má rà á, àyàfi bí ilé iṣẹ́ náà bá ń ta pátákó náà lọ́tọ̀, tí iye rẹ̀ pẹ̀lú ti àlòkù ò sì tó ti tuntun. Bákan náà ni fún èyí tó jẹ́ tiyín: lẹ́yìn ìṣubú ńlá, ẹ yọ ọ́ wò kí ẹ tó tún gun kẹ̀kẹ́, kódà bí aṣọ báàgì ò bá tilẹ̀ ya.